Lẹ́tà sí Àjọkẹ́ ní Jọ́ọ̀s: Ìbùkún fẹ́ kàwé lórí aṣọ

Tákíé, Ògbómọ̀ṣọ́.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹwàá.

Àjọkẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Baálé ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ kú òtútù Jọ́ọ̀s o. O ní Ìbùkún ti ṣe fíríìdọ́ọ̀mù, ó tún wá fẹ́ lọ gboyè nínú iṣẹ́ aṣọ, o sì ń bi mí pé kí ló kù tí wọ́n fẹ́ kọ́ ọ.

Ohun tó kù pọ̀. Fírihándì, ìyẹn gígé aṣọ láìkọ́kọ́ yà á sórí bébà, ni ọ̀gá rẹ̀ kọ́ ọ: tépù lọ́rùn, ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́, aṣọ nílẹ̀. Kò sóhun tó burú níbẹ̀. Àmọ́ yunifásítì ò ní bi í bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe yá tó. Wọ́n á ní kó ya pátánì sórí bébà kó tó mú sísọ́ọ̀sì, kó sì sọ ìdí tí ìlà kọ̀ọ̀kan fi wà níbi tó wà. Ibẹ̀ gan-an ló ti máa ń le fáwọn tó ti mọ aṣọ rán tẹ́lẹ̀.

Wo pátánì ìpìlẹ̀ tí wọ́n ń pè ní bùlọ́ọ̀kù. Ká ní àyà jẹ́ ínǹṣì 36. Ìdá mẹ́rin rẹ̀ ni 9. Ààyè tí èèyàn á fi mí jẹ́ ínǹṣì 2 yípo, ìdajì ínǹṣì ló kan ìdá kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, 9½ ni kó fà sórí bébà. Bí wéèsì bá jẹ́ 28, ìdá mẹ́rin rẹ̀ ni 7. Fi ìdajì kún un fún ìmí, fi ínǹṣì 1 kún un fún dáàtì (ibi tí wọ́n ń ká aṣọ rán kó lè bá ara mu), ó di 8½. Kò tíì sí ààyè ojú ìrán níbẹ̀ o! Ìyẹn dìgbà tó bá da pátánì kọ kúrò lára bùlọ́ọ̀kù: ìdajì ínǹṣì lọ́rùn àti níhò apá, ínǹṣì 1 lẹ́gbẹ̀ẹ́. Fírihándì ti mọ́ ọn lára láti fi gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá wá fi ojú ìrán sí bùlọ́ọ̀kù, tó tún fi sí pátánì, etí ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin ni, ínǹṣì 4 gbáko ni búláòsì fi máa tóbi.

Apá aṣọ ló tún le jù. Yípo orí apá, ibi tí wọ́n máa rán mọ́ ara aṣọ, gbọ́dọ̀ fi nǹkan bí ínǹṣì 1 ju yípo ihò apá lọ. Ańkárá kì í fà, nítorí náà bó bá kọjá 1½, á ṣun jọ bíi pé wọ́n fokùn fà á. Bí kò bá sì tó, ẹni tó wọ̀ ọ́ ò ní lè nawọ́ dá ọ̀kadà dúró. Bó bá ń wọn ìlà tó tẹ̀, kó gbé tépù dúró lórí etí rẹ̀. Tépù tó sùn sílẹ̀ ò lè bá ìlà náà tẹ̀.

Ọfà àárín pátánì, tó ń fi ọ̀nà tí òwú aṣọ gbà hàn, ńkọ́? Kó wọn orí àti ìdí rẹ̀ sí etí aṣọ tí wọ́n hun, kì í ṣe èyí tí wọ́n gé. Bí orí bá jẹ́ 10 tí ìdí jẹ́ 9½, síkẹ́ẹ̀tì á lọ́ lẹ́yìn ìfọ̀ àkọ́kọ́, áyọ́ọ̀nù kankan ò sì ní tún un ṣe.

Bí wọ́n bá gbé aṣọ òkè fún un, kó má ṣe é bí Ańkárá. Tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n rán pọ̀. Bí dáàtì bá bọ́ sórí ibi tí wọ́n ti so wọ́n, aṣọ á nípọn níbẹ̀, abẹ́rẹ́ á kán. Kó yẹ dáàtì sáàárín tẹ́ẹ́rẹ́ kan, kó fi áyọ́ọ̀nù lẹ sítéè onígọ́ọ̀mù mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ kó tó gé e, torí etí rẹ̀ máa ń tú. Abẹ́rẹ́ nọ́ńbà 16 ni fún un; 14 fún Ańkárá; 9 tàbí 11 fún ṣífọ́ọ̀nù.

Ti ìgbàwọlé ò gùn. Ní LAUTECH níbí, ẹ̀ka Fine and Applied Arts ni kó wò, ọdún 5 ni. Á yàwòrán, á fọwọ́ kan amọ̀ àti ère kó tó mú tẹ́síláìlì, nítorí náà kó má fojú kéré Fine Art nínú WAEC àti JAMB. (Àwọn tó rò pé máṣíìnì nìkan ni wọ́n máa bá níbẹ̀ máa ń bínú ní ọdún àkọ́kọ́.)

Má ra máṣíìnì tuntun fún un báyìí. Rúlà gígùn, rúlà títẹ̀ fún ihò apá, àti bébà pátánì ti tó. Kó wọn ara rẹ, kó ya bùlọ́ọ̀kù rẹ, kó fi aṣọ funfun olówó pọ́ọ́kú rán an wò, kó sì fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi ní WhatsApp: iwájú, ẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́. Kó má fa aṣọ náà gún kó tó ya fọ́tò. Ibi tó ti ṣun ni mo fẹ́ rí.

Bá mi kí gbogbo ilé.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Àdùkẹ́