Ibà tó ń gba etí ọmọ

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Olùkọ́ àwọn adití ni mí níbí ní Ọ̀yọ́. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ fún ẹ̀kọ́ àkànṣe tí wọ́n dá sílẹ̀ nílùú wa ní 1977 ni mo ti kọ́ṣẹ́. Ohun tí ojú mi ń rí nídìí iṣẹ́ yìí ló jẹ́ kí n kọ̀wé sí yín lásìkò ọyẹ́ yìí, nípa àrùn yírùnyírùn.

Bí òbí bá mú ọmọ wá forúkọ sílẹ̀, mo máa ń béèrè pé ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bí i. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n máa ń ní rárá, ibà ló ṣe é. Ìyá kan tó ń ta ata ní Akẹ̀sán sọ fún mi pé ọmọ òun ti ń kọrin, ó ti ń ki oríkì ara rẹ̀, kí ara rẹ̀ tó gbóná. Wọ́n ra oògùn ibà nílé kẹ́mísí, wọ́n fún un lágbo. Nígbà tí gìrì mú un lọ́jọ́ kẹta, wọ́n fi òróró pa á lára. Ọrùn rẹ̀ gan, wọ́n ní ó sùn sódì ni. Ọmọ náà gbádùn, gbogbo ilé dúpẹ́. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n ń pè é tí kò dáhùn. Wọ́n nà án, nà án, wọ́n ní oríkunkun ti wọ̀ ọ́, kó tó yé ẹnikẹ́ni pé kò gbọ́ràn mọ́. Nígbà tí ìyá náà ń sunkún níwájú mi, ẹgba yẹn ló ń dùn ún ju etí lọ.

Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló bo ọpọlọ àti mùdùnmúdùn inú eegun ẹ̀yìn wa. Bí kòkòrò àrùn bá dé ibẹ̀, awọ náà á wú; yírùnyírùn nìyẹn. Akọ ibà, orí fífọ́, èébì, kí ojú má fẹ́ rí ìmọ́lẹ̀, kí ọrùn gan débi pé àgbọ̀n kò ní lè kan àyà: bó ṣe ń ṣe àgbà nìyẹn. Ọrùn ọmọ ọwọ́ lè má gan rárá. Ẹ wo àwùjẹ̀ rẹ̀ bóyá ó wú sókè, bóyá ó kọ ọyàn, bóyá ó ń ké tí gbígbé mọ́ra kò mú un dákẹ́.

Àwọn ènìyàn wa ní àrùn òkè Ọya ni. Lóòótọ́, ọ̀hún ló ti ń jà jù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ní 1996 ó pa ènìyàn tó lé ní 11,000 ní Nàìjíríà. Ikọ́, sísín àti kí èrò pọ̀ nínú yàrá kan ló ń gbé irú yẹn kiri. Ṣùgbọ́n àwọn kòkòrò mìíràn wà, àwọn kan náà tó ń fa òtútù àyà, tí wọn kò mọ Ọ̀yọ́ yàtọ̀ sí Sokoto. Àjẹsára wọn wà nínú èyí tí ọmọ ń gbà lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14. Ẹni tó gba àkọ́kọ́ tó wá jókòó sílé kò tíì ṣe é tán.

Nílé ìwòsàn, wọn á fa omi díẹ̀ láti eegun ẹ̀yìn ọmọ fún àyẹ̀wò. Mo mọ òbí tó gbé ọmọ sá nítorí èyí, wọ́n ti sọ fún un pé ó ń sọni di arọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìsàlẹ̀ ibi tí mùdùnmúdùn náà parí sí ni abẹ́rẹ́ ti ń wọlé. Omi yẹn máa ń mọ́ gaara. Bó bá ti rú, dókítà ti fura sí bakitéríà nìyẹn. Abẹ́rẹ́ oògùn tí wọ́n ń gún sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ló ń pa á, wákàtí kan kò sì gbọdọ̀ ṣòfò.

Andrew Foster, ará Amẹ́ríkà tó dá ilé ẹ̀kọ́ adití sílẹ̀ n'Ìbàdàn ní 1960, ọmọ ọdún 11 ni nígbà tí àrùn yìí gba etí rẹ̀ àti ti arákùnrin rẹ̀. Òun ti mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ọmọ ọdún méjì tó bá ṣe, ọ̀rọ̀ tó ti mọ̀ á máa jábọ́ lẹ́nu rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Mo bẹ ẹ̀yin dókítà, kí ẹ yẹ etí ọmọ wò kí ẹ tó ní kó máa lọ sílé. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá dìde nínú irú ibà bẹ́ẹ̀ tí ẹ pè é tí kò dáhùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má nà án. Ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò etí lọ́sẹ̀ yẹn gan-an.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ adití kan,
Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, Ọ̀yọ́.