Lẹ́tà láti kíláàsì alẹ́

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Má bínú pé mi ò tètè fèsì. Kíláàsì alẹ́ tí mo ti ń kọ́ni níbí ní Amẹ́ríkà ni kò jẹ́ kí n gbádùn.

O ní kí ni GED gan-an. Ìdánwò mẹ́rin ni: ìṣirò, èdè, sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ àwùjọ. Máàkì 145 ni wọ́n fi ń yege nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tí èèyàn bá fìdí rẹmi nínú rẹ̀ nìkan ló máa tún ṣe. Ẹni tí kò ka girama tán níbí lè fi wáṣẹ́.

Ọmọkùnrin kan láti Guinea wà ní kíláàsì mi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò kúrò lọ́kàn mi. Tòun ti ìbọ̀wọ́ iṣẹ́ nínú àpò sòkòtò ló máa ń wọlé, sìmẹ́ǹtì á ṣì gan mọ́ ọn léèékánná. Bí mo bá kọ ìṣirò sójú bọ́ọ̀dù, kí n tó yíjú padà, ó ti parí ẹ̀. Àfi lọ́sẹ̀ tó kọjá tí mo fún un ní ìbéèrè nípa àkàbà tí wọ́n fi ti ògiri. Ó wò ó títí, kò kọ nǹkan kan. Àṣé kò mọ ohun tó ń jẹ́ "ladder". Mo yà á sí ẹ̀gbẹ́ ìwé rẹ̀, ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ojoojúmọ́ ló ń gùn ún! Ìka ni wọ́n fi ń júwe é fún un níbi iṣẹ́.

Ọmọ Guatemala lè fi èdè Sípéènì ṣe ìdánwò yìí. Ọmọ Guinea yìí tó gbọ́ Faransé àti Fúlàní, ó di dandan kó ṣe é lédè Òyìnbó. Ó ń bí mi nínú.

Iṣẹ́ iná mànàmáná ló wù ú. Ètò ìkọ́ṣẹ́ tí ìjọba fọwọ́ sí wà, òfin rẹ̀ ti wà láti 1937: ó kéré tán, wákàtí 2,000 lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n á sì máa sanwó fún ọ. Ìwọ tí o kọ́ṣẹ́ ọdún mẹ́ta láìrí kọ́bọ̀, ṣé o gbọ́? Ìwé ìgbélùú ló kù. Láti 1982, nínú ẹjọ́ Plyler, ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti ní kí wọ́n má ṣe torí àìníwèé lé ọmọ kúrò nílé ìwé ìjọba. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ètò ìkọ́ṣẹ́ á béèrè ìwé àṣẹ iṣẹ́. Ibi tó ti ń po sìmẹ́ǹtì kò béèrè, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń san iye tó bá wù wọ́n. Lọ́yà tí kò ní gbowó ni mo ń wá kiri báyìí, ju bí mo ṣe ń kọ́ni lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló máa ṣe ti ìṣirò. Mo ní kó má lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, ó kàn rẹ́rìn-ín ni.

Kọ̀wé sí mi kíá.

Ọ̀rẹ́ rẹ