Má Dáhùn

Ìbàdàn,
Alẹ́ ọjọ́ Àìkú.

Aláǹgbá mi,

Ṣé o ṣì wà láyé báyìí? Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè ọ́ lọ́sẹ̀ yìí, fóònù rẹ kàn ń dún lásán ni. Mo wá ní kí n jókòó kọ lẹ́tà bí àwọn bàbá wa ṣe ń kọ ọ́, torí ohun tó wà nílẹ̀ yìí ju ohun tí ènìyàn ń fi fóìsì nóòtì sọ lọ. Má jáyà o, kò sẹ́ni tó kú. Mo ti ta ìka yí orí mi ká kí n tó kọ ìyẹn.

Jẹ́ kí n tètè da àwọn kéékèèké sílẹ̀: Dùndún ti ṣe ìdána (bẹ́ẹ̀ ni, ọkùnrin tí a jọ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ yẹn náà ni), lánlọ́ọ̀dù tún ti fowó kún owó ilé, ológbò rẹ bí mẹ́rin, mo sì ti pín gbogbo wọn tán. Ó parí.

Ẹjọ́ tí mo fẹ́ rò wá rèé. Ọ̀gá tó ń kọ́ wa níṣẹ́ fídíò pín wa ní márùn-ún márùn-ún, wọ́n ní kí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ṣe tírélà, ìyẹn fídíò kékeré tí wọ́n fi ń polówó fíìmù, fún fíìmù tí kò sí. Ìṣẹ́jú-àáyá 90 péré, ẹni tó bá kọjá rẹ̀ á pàdánù máàkì. A ṣẹ́ kèké, èmi ni mo mú tiwa, ohun tí mo sì mú ni fíìmù adẹ́rùbani. Ìtàn wa kò le. O rántí ohun tí wọ́n máa ń kìlọ̀ fún wa ní kékeré, pé bí ẹnikẹ́ni bá pe orúkọ rẹ lóru tí o ò rí ojú rẹ̀, o ò gbọdọ̀ jẹ́ ẹ? Akẹ́kọ̀ọ́ kan jẹ́ ẹ. Gbogbo rẹ̀ nìyẹn. A sọ ọ́ ní Má Dáhùn.

Àwa tí a fẹ́ dẹ́rù ba ayé, ẹ̀jẹ̀ ló kọ́kọ́ dójú tì wá. Epo pupa kò jọ ẹ̀jẹ̀, ọbẹ̀ ló jọ. Zobo nìkan ń ṣàn bí omi. Ìgbà tí a po sítáàṣì mọ́ zobo, tí a da Milo ṣíbí méjì sí i kí pupa rẹ̀ lè dúdú díẹ̀, ló tó di ohun tí ènìyàn lè rí kó fọwọ́ bo ẹnu. A dà á sára Pẹ́lẹ́yẹjú, ọ̀kan nínú wa, a ní kó sùn sílẹ̀ lẹ́yìn ilé tí wọn ò kọ́ tán yẹn, kó ṣe bí òkú. Kò sẹ́ni tó rántí pé ṣúgà wà nínú zobo. Ìṣẹ́jú márùn-ún kò pé tí tanpẹ́pẹ́ fi dé. Aláǹgbá, òkú dìde! Ó pariwo débi pé ọlọ́kadà kan dúró lójú títì. Igbe yẹn wà nínú tírélà o, gbogbo ẹni tó gbọ́ ọ ló ní ọmọ náà mọ eré ṣe.

Òru inú rẹ̀ náà, irọ́ ni. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni a yà á, àbí ta ló fẹ́ gbé kámẹ́rà àyálò jáde lóru ládùúgbò yẹn? A dín ìmọ́lẹ̀ tó ń wọ kámẹ́rà kù, a tan kámẹ́rà jẹ pé abẹ́ gílóòbù la wà, gbogbo nǹkan sì di búlúù bí ìgbà tí òṣùpá bá yọ. Kí ojú ọ̀run ṣáà má ti hàn, òun ló máa ń tú àṣírí. Egungun tó ń kán, pòròpórò àgbàdo gbígbẹ ni. Ohun tó ń wọ́ bọ̀ nílẹ̀, ọbẹ̀ ilá ni, mo ń rò ó, Dáírẹ́kítọ̀ wa gbé fóònù sẹ́bàá ìkòkò.

Ohùn tó ń pe ọmọbìnrin náà ló kù. Pẹ́lẹ́yẹjú gbìyànjú rẹ̀, ó dún bí ẹni ń kiri búrẹ́dì. Dáírẹ́kítọ̀ ki ohùn tirẹ̀ bọ inú ẹ̀rọ kan tó ń sọ ohùn di ńlá, òbúkọ ló dún bí i. Ibẹ̀ ni mo ti rántí Màmá yín. Ta ló tún mọ bí wọ́n ṣe ń dẹ́rù bani bí wọn, nígbà tí NEPA bá múná lọ tí wọ́n bá fi àlọ́ sẹ́nu? (Ẹni tó tọ̀ sórí ẹní lọ́jọ́sí, n ò dárúkọ ẹ̀.)

Ọjọ́ Ẹtì la lọ. A ra búrẹ́dì àti mílíìkì dání. Mo ní, "Màmá, tírélà la fẹ́ ṣe o." Wọ́n wojú mi, wọ́n ní, "Níbo lẹ fẹ́ páàkì ẹ̀ sí?" A rẹ́rìn-ín títí. Ẹ̀gúsí ni wọ́n ń bó lórí àpótí wọn yẹn. Wọ́n bi mí pé kí ni kí ohùn náà sọ, mo ní kí wọ́n ṣáà pe orúkọ kan, bí ẹni tó ti ń wá èèyàn láti ọjọ́ pípẹ́. Wọ́n gbé àtẹ ẹ̀gúsí sílẹ̀, wọ́n nu ọwọ́ sí ìró, wọ́n ní ká pa fáànù, pé fáànù ń jẹ ohùn. Wọ́n dákẹ́ fúngbà díẹ̀. Mo tiẹ̀ rò pé wọ́n ti gbàgbé ohun tí mo ní kí wọ́n ṣe.

Wọ́n wá ní, "Àbẹ̀kẹ́ o!"

Wọn ò pariwo. Ẹ̀ẹ̀kejì tún lọ sílẹ̀ ju èyí lọ. Ẹ̀ẹ̀kẹta, "Àbẹ̀" nìkan ló jáde, èyí tó kù di èémí. Mo rí irun apá Dáírẹ́kítọ̀ tó dìde. Màmá gbé àtẹ wọn padà sórí ẹsẹ̀, wọ́n bèèrè pé ṣé ó ti tó àbí kí wọ́n tún un ṣe. Mo ní ó ti tó. Títí ni orúkọ ọmọ náà nínú ìwé eré wa tẹ́lẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ yẹn la yí i padà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun la fi han kíláàsì. Nígbà tí ìpè kẹta dé, ẹnì kan lẹ́yìn kàn ní "Jésù!" Ọ̀gá ò wí nǹkan kan ju pé ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin ló fi lé, ká gé e, ká wá fi sílẹ̀ lọ́jọ́rú tó ń bọ̀. Mo ti ń fò fáyọ̀, àfi bí ọ̀kan nínú wa (n ò ní dárúkọ òun náà, àmọ́ tanpẹ́pẹ́ ò ì tíì jẹ ẹ́ tó) ṣe gbé e sórí status. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti dé ọ̀dọ̀ àwọn ìyá ìjọ tí Màmá ń lọ. Ẹnì kan mọ ohùn wọn. Ó ní èèyàn lásán kì í pe orúkọ báyẹn. Nígbà ìpàdé ẹgbẹ́ wọn, obìnrin kan dìde kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó lọ jókòó sápá kejì. Àǹtí yín gbọ́, wọ́n pè mí, wọ́n ní mo fẹ́ sọ ìyá àwọn di àjẹ́ nígboro Ìbàdàn. Mo ní ẹ má bínú, ẹ má bínú, wọ́n já fóònù. Láti ìgbà náà wọn ò gbé e mọ́. O mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ń dá sílẹ̀ fún ìyá arúgbó. N ò lè jẹun.

Ó tún wá ku nǹkan kan, má fi mí rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ló kó bá mi. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń sọ ìtàn iṣẹ́ yìí, wọ́n fọ́nnu pé Ìbàdàn tiwa ni iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV ti bẹ̀rẹ̀ ní 1959, wọ́n wá dórí Leeds tìẹ níbẹ̀ yẹn. Wọ́n ní ọmọ Faransé kan, Louis Le Prince, ló ya fíìmù ìṣẹ́jú-àáyá bíi méjì ní Roundhay lọ́jọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 1888, èèyàn mẹ́rin tó ń rìn kiri nínú ọgbà. Ìyá ìyàwó rẹ̀, Sarah Whitley, wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ 24 oṣù yẹn náà, ìyá náà kú. Lọ́dún 1890, Le Prince fúnra ẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú irin ní Dijon, ó ní òun ń lọ sí Paris, ẹnikẹ́ni ò sì rí i mọ́. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn.

Màmá ti ń wúkọ́ láti bí ọjọ́ mélòó kan. Ikọ́ lásán ni, eruku ni, wọ́n ti ra oògùn. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ Ẹtì yẹn, bí Yorùbá bá ń ka ọjọ́, òní ló pé mẹ́wàá. Bí òyìnbó bá ń kà á, ọ̀la ni. Èmi ò mọ èyí tí ikú ń lò, n ò sì ní sùn lóru méjèèjì.

Mo yà lọ́dọ̀ wọn lẹ́yìn ìsìn lónìí. Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, àfi bí wọ́n ṣe ń fi mí ṣe ẹ̀rín. Wọ́n ní àwọn tó ń sá fún àwọn ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n máa sá, ààyè á gba àwọn láti na ẹsẹ̀. Wọ́n wá ní, "Ṣé ó ti dé ọ̀dọ̀ Àbẹ̀kẹ́?" Mo ní ó ti dé. Wọ́n ní, "Kí ló wí?" Mo ní o ní ó dáa púpọ̀.

Irọ́ ni mo pa. Aláǹgbá, ìgbà wo lo pè wọ́n kẹ́yìn? N ò bá ọ jà, mo mọ̀ pé iṣẹ́ alẹ́ yẹn ń gbẹ̀mí ẹ. Mo so fídíò náà mọ́ lẹ́tà yìí, fi íápíìsì sétí kí o tó wò ó. Bá mi bẹ Àǹtí yín, torí bí a bá yọ ohùn yẹn kò sí tírélà mọ́, bí wọ́n bá sì kọ̀, mo máa yọ ọ́, máàkì á lọ. Ṣùgbọ́n Màmá ni kó o kọ́kọ́ pè. Wọn kì í tètè gbé e, jẹ́ kó dún dáadáa, gíláàsì wọn ni wọ́n máa ń wá kí wọ́n tó rí ibi tí wọ́n ń tẹ̀.

Èmi ni,
Kúkúrú.

Mo gbàgbé: Pẹ́lẹ́yẹjú ní kí n bi ọ́ bóyá wọ́n ń ta oògùn tanpẹ́pẹ́ ní Leeds.