Àdùkẹ́, bá mi pe Bàbá Ìbejì

Àdùkẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Àwọn ọmọ ńkọ́, bàbá wọn ńkọ́? Mo mọ̀ pé wàá ti máa rojọ́ mi kiri pé Àṣàkẹ́ ti gbàgbé òun. N ò gbàgbé rẹ o. Láti ìgbà tí o ti lọ, kò sẹ́ni tí mo lè yọjú sí lálẹ́, tí màá kàn bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láti àárín, tí yóò sì mọ ibi tí mo ń lọ. Jẹ́ kí n tètè sọ àwọn kéékèèké: Kẹ́hìndé ti ká eyín, Táíwò ń sunkún pé tòun ò tíì mì, orúnkún màmá ti ń gbọ́ràn díẹ̀, aṣọ tí o fi ránṣẹ́ bá mi mu, àfi ibi ìbàdí tó ń bá mi ṣọ̀tá. Ó tán. Èyí tí kò jẹ́ kí n sùn ló kù, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ sì ni.

Ọkọ̀ wa yẹn ti dákẹ́. Má rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé alẹ́ ọjọ́ òjò yẹn lo rántí, ìwọ àti bàtà rẹ kan ṣoṣo. A ti tà á fún àwọn tó ń tú ọkọ̀ tà. Láti ìgbà náà ni Bàbá Ìbejì ti sọ ara rẹ̀ di ọ̀jọ̀gbọ́n ọkọ̀, fóònù ò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ohun tó wá gbà á lọ́kàn ni Mercedes kan, àlòkù, ọlọ́dún mẹ́fà. Ó ní owó rẹ̀ ò tó ti Corolla tuntun, pé ṣé ojú mi fọ́ ni?

Ojú mi ò fọ́. Ohun tó jẹ́ kí owó rẹ̀ wálẹ̀ ni mo ń wò. Ọkọ̀ olówó ńlá, kíá ni iye rẹ̀ máa ń já láàárín ọdún díẹ̀ àkọ́kọ́, torí ẹni tí agbára rẹ̀ ká tuntun kì í fẹ́ àlòkù, ẹni tí agbára rẹ̀ sì ká àlòkù ń bẹ̀rù àtúnṣe. Ṣùgbọ́n iye ọkọ̀ ló wálẹ̀ o, iye páàtì rẹ̀ ò bá a wálẹ̀. Gíà rẹ̀, kọ̀ǹpútà inú rẹ̀, iná iwájú rẹ̀, iye tí ẹni tó ra tuntun ń rà wọ́n náà ni àwa tá a ra àlòkù máa rà wọ́n. Bó bá wá jẹ́ irú èyí tó ń fi afẹ́fẹ́ dúró dípò sípíríǹgì, o ò ní fẹ́ gbọ́ iye ẹsẹ̀ kan. Mo sọ ọ́ fún un, ó ní ẹnu mi kì í sọ rere. Mo dákẹ́, mo lọ ṣe ìwádìí tèmi.

N ò sì ní parọ́ mọ́ Mercedes. Ẹni tó bá rà á ní tuntun, tí wárántì ṣì wà lórí rẹ̀, tó sì tà á kí wárántì náà tó parí, onítọ̀hún gbádùn ayé rẹ̀. Àwa kọ́ ni onítọ̀hún.

Mo ní bó bá jẹ́ iyì ló ń wá, kó wo Lexus. Toyota ló gbé Lexus jáde ní 1989, Lexus ES àti Toyota Camry sì jọ pín ọ̀pọ̀ nǹkan nísàlẹ̀, mẹkáníìkì tó bá mọ Toyota kò ní dé ibẹ̀ kó máa họ orí. Ó ní Lexus àlòkù wọ́n jù. Ó wọ́n lóòótọ́, torí kì í dààmú ẹni tó ni ín, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ jù ú sílẹ̀. Toyota gan-an, ibi tó ti ń bí mi nínú nìyẹn: ọlọ́dún mẹ́ta rẹ̀ sún mọ́ tuntun lówó débi pé èèyàn a kúkú ní sùúrù, kó ra tuntun. Láti 1966 ni wọ́n ti ń ṣe Corolla, wọ́n sì ti tà ju mílíọ̀nù 50 lọ káàkiri ayé, báwo ni páàtì rẹ̀ ṣe fẹ́ ṣọ̀wọ́n? Bàbá Ìbejì ní ọkọ̀ tíṣà ni. Àbí kí ni èmi ń ṣe jẹun?

Ọkàn tèmi wà lára Kia tàbí Hyundai tuntun. Má fi mí ṣẹ̀sín, gbọ́ ná. Láti 1998 ni Hyundai ti gba Kia mọ́ra, Tucson ti Hyundai àti Sportage ti Kia sì dà bí àwọn ìbejì mi lọ́jọ́ ọdún: ìyá kan náà, aṣọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣì ń fi Hyundai ṣe yẹ̀yẹ́ ni wọ́n gbé wárántì ọdún 10 lé ẹ́ńjìnnì àti gíà rẹ̀. Kia ń fún àwọn ará Yúróòpù ní ọdún 7. Kí èèyàn ṣáà ka ìwé náà dáadáa, torí ọdún 10 ti Amẹ́ríkà yẹn, ẹni tó kọ́kọ́ ra ọkọ̀ ló ni ín. Ẹni tó bá rà á lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní jogún gbogbo rẹ̀. Àwọn náà ní àbùkù o: láti 2015 ni wọ́n ti ń pe ọ̀pọ̀ ọkọ̀ padà wá fún àtúnṣe nítorí ẹ́ńjìnnì wọn kan tí wọ́n ń pè ní Theta II. Ta ni kò tíì pe ọkọ̀ padà rí? Ti airbag Takata yẹn, àpò afẹ́fẹ́ tó ń bẹ́ jáde gba èèyàn dúró bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan, Honda, Toyota, BMW, Mercedes, gbogbo wọn ló wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kó gba VIN ọkọ̀ tó ń wò fún mi, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀, ẹyọ 17 yẹn, kí n fi wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì bóyá wọ́n ti pè é padà rí. Ó ní òun á bi ẹni tó ń tà á. Kò tíì bi í.

Mo bá a lọ wo ọkọ̀ náà. Ó ń dán, n ò purọ́. Wọ́n ní kò tíì rìn púpọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀, mo wo ibi tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ní bírékì: rọ́bà rẹ̀ ti jẹ dé irin ní igun kan, èyí tí wọ́n ní kò tíì rìn. Táyà mẹ́rin, orúkọ mẹ́ta. Mo ka nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn DOT, àmì tí wọ́n ń tẹ̀ sára táyà, lára ọ̀kan, 1416 ló wà níbẹ̀, ìyẹn ni pé ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá ọdún 2016 ni wọ́n ṣe é. Táyà ṣe ẹ̀gbọ́n ọkọ̀! Ìwé sáfíìsì rẹ̀, òǹtẹ̀ méjì ló wà níwájú, ìyókù funfun báláú. Gbogbo ìgbà tí mo ń wo ìyẹn, Bàbá Ìbejì ti jókòó sídìí sítíárìn, ó ń dá rẹ́rìn-ín.

Ọmọkùnrin tó ń tà á mú bébà, iye oṣooṣù nìkan ló kọ sí i, ó fi bírò yí i po. "Mà, ẹ ò rí bó ṣe kéré?" Mo ní àpapọ̀ ńkọ́? Ó ní kí n má dà ara mi láàmú, pé ó ti yé bàbá. Mo bá yọ fóònù, mo ṣírò rẹ̀. Èlé 10 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, fún ọdún 5, wọ́n sì ń kà á lórí gbogbo owó tá a yá láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, bí a tilẹ̀ ti san ìlàjì rẹ̀. Bí a bá yá 100, 150 la máa san nìyẹn. Ẹni tó ń ka èlé lórí gbèsè tó kù nìkan, kó tó lè gba 150 yẹn lọ́wọ́ wa láàárín àkókò kan náà, èlé rẹ̀ á ní láti lé ní 17. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta ọkọ̀, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn tó ń ta tuntun náà ní ọgbọ́n tiwọn: wọ́n á gbé èlé kékeré wá, wọ́n á wá ní ẹni tó bá gbà á, ẹ̀dínwó kò sí fún un mọ́. Àfi kéèyàn ṣírò méjèèjì.

Mo tún dán nǹkan kan wò. Dípò àwọn tó ń tà á, àwọn tó ń tún un ṣe ni mo pè, bíi pé mo ti ní ọkọ̀ náà. Ọ̀dọ̀ àwọn Mercedes yẹn, wọ́n fi orin dá mi dúró títí mo fi bó iṣu tán. Ọ̀dọ̀ kejì, ti Kia tèmi, obìnrin kan gbé e kíá, ó sọ iye sáfíìsì àkọ́kọ́ fún mi láìwo ìwé, ó sọ páàtì tó wà nílẹ̀ àti èyí tí wọ́n máa ń dúró dè. Nítorí obìnrin yẹn nìkan, mo lè ra ọkọ̀ lọ́wọ́ wọn.

Àdùkẹ́, ọdún márùn-ún ni gbèsè yìí. Àdéhùn iṣẹ́ Bàbá Ìbejì ń parí lópin ọdún yìí, n ò sì tíì gbọ́ pé wọ́n fẹ́ tún un kọ. Mo bi í lẹ́ẹ̀kan. Ó mú táwẹ́ẹ̀lì, ó wọ balùwẹ̀ lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. O mọ orin rẹ̀ yẹn. Bí ọkàn rẹ̀ bá balẹ̀, kì í kọ ọ́.

Jọ̀ọ́, bá mi pè é. Ìwọ ló ń pè ní ìyàwó òun kékeré, tìẹ ló ń gbọ́. Èmi, ó ti mọ ohùn mi jù. Má dárúkọ mi rárá. Sọ fún un pé ẹ fẹ́ ra ọkọ̀ lọ́hùn-ún, pé kó gbà yín nímọ̀ràn. Jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tó, kó fi Mercedes dárà, kó sinmi. Ìgbà náà ni kí o wá bi í pé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá dáwọ́ dúró láàárín, báwo ni wọ́n ṣe ń san án. Kó fẹnu ara rẹ̀ dáhùn. Bó bá sọ ohunkóhun nípa iṣẹ́ náà fún ọ, jọ̀ọ́, sọ fún mi, ì báà burú.

Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ní ká wá fọwọ́ síwèé, nítorí náà má jẹ́ kó di Jímọ̀. Orí WhatsApp ni kí o ti dá mi lóhùn, má pè mí, torí yàrá kan náà la wà.

Èmi ni tìẹ,
Àṣàkẹ́

Mo gbàgbé: VIN yẹn, mo ti fọgbọ́n yà á ní fọ́tò lábẹ́ gíláàsì iwájú nígbà tí wọ́n ń kí ara wọn. Màá fi ránṣẹ́ sí ọ lálẹ́ yìí. Àkọ́bí rẹ tó mọ íntánẹ́ẹ̀tì, kó bá mi wá a.