Ta Ni Ẹ Ń Lọ Bá ní Gálílì? Lẹ́tà sí Ẹ̀yin Ọ̀dọ́ Òkun

Ẹ̀yin ọmọ mi ní ilẹ̀ Òkun, ní Kábà, Mọ̀pà, Ìsánlú, Ẹ̀gbẹ̀ àti Ìyàrà, àti ẹ̀yin tí iṣẹ́ òòjọ́ gbé lọ sí Lọ́kọ́ja àti Àbújá, mo kí yín o. Òkun o. Ṣé àlàáfíà lẹ wà?

Ọ̀rọ̀ Gálílì, ìjáde tí a máa ń ṣe lẹ́yìn Ọdún Àjíǹde, ló mú mi gbé kálàmù. Ní ọjọ́ Ajé Ọdún Àjíǹde, ẹ̀yin lẹ máa ń ṣáájú: ìlù, kúlà ìrẹsì, aṣọ ẹgbẹ́ tuntun, fọ́tò lọ́tùn-ún lósì. Mi ò bínú sí ìgbádùn. Ṣùgbọ́n mo bi àwọn kan nínú yín pé kí ló dé tó jẹ́ Gálílì là ń lọ, tí kì í ṣe Jerúsálẹ́mù. Ẹnìkan ní, "Bàbá, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń ṣeré." Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Nínú Mátíù orí 28, Jésù tí wọ́n ti sin ló ránṣẹ́ sí àwọn arákùnrin rẹ̀ pé kí wọ́n máa lọ sí Gálílì, ibẹ̀ ni wọn yóò ti rí òun. Bí kò bá jíǹde, a kò rí ẹnì kankan lọ bá níbẹ̀.

Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n orí fóònù ń sọ fún yín pé àjíǹde kò ju àpèjúwe lọ, pé ẹ̀kọ́ Jésù ni kò kú, ara rẹ̀ jẹrà bíi ti gbogbo ènìyàn. Pọ́ọ̀lù kò gbà bẹ́ẹ̀ rárá. Kò tíì pé 30 ọdún tí wọ́n kan Jésù mọ́ àgbélébùú tó fi kọ̀wé sí àwọn ará Kọ́ríńtì pé bí Kristi kò bá jíǹde, asán ni ìwàásù, asán ni ìgbàgbọ́, ẹlẹ́rìí èké sì ni àwọn tó ń wàásù. Ara rẹ̀ ló ń pè ní èké yẹn o! Ó wá ka àwọn tó rí i: Pétérù, àwọn méjìlá, àwọn ará tó ju 500 lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, Jákọ́bù, òun fúnra rẹ̀ kẹ́yìn. Ó ní púpọ̀ nínú àwọn 500 náà ṣì wà láàyè. Ẹni tó ń purọ́ kì í júwe ilé ẹlẹ́rìí fún ni. Àwọn obìnrin ló sì kọ́kọ́ dé ibojì, nígbà tí ẹ̀rí obìnrin kò fi bẹ́ẹ̀ wúwo láàárín àwọn Júù. Lúùkù kò tiẹ̀ fi pamọ́ pé ìsọkúsọ ni àwọn àpọ́sítélì kọ́kọ́ pe ọ̀rọ̀ wọn.

Nílé wa, a mọ ará ọ̀run. Egúngún á jáde, á fi ohùn mìíràn súre, á padà síbi tó ti wá. A tún máa ń wo ojú ọmọ tuntun, a ní bàbá ló tún dé, a sọ ọ́ ní Babátúndé. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni yí orúkọ rẹ̀ padà. Ó wà nínú ilé tèmi náà. Ṣùgbọ́n ibojì bàbá ṣì wà níbi tó wà, kò sì sẹ́ni tó ń yẹ inú rẹ̀ wò. Ti Jésù yàtọ̀. Pétérù wọ inú ibojì, ó bá aṣọ ọ̀gbọ̀ nílẹ̀, ó bá gèlè tí wọ́n fi di orí rẹ̀ níbi tó ká jọ lọ́tọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ aṣọ ìpò, aṣọ pupa iyebíye tí àwọn ará Bùnú ń hun, tí wọ́n fi ń sin àwọn ìjòyè, ẹ bá mi dá a rò: olè wo ni yóò jí òkú gbé, tí yóò tú aṣọ olówó iyebíye sílẹ̀, tí yóò tún fara balẹ̀ ká gèlè? Nígbà tí Jésù fara hàn àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, àwọn gan-an rò pé iwin ni. Ó ní kí wọ́n fọwọ́ kan òun. Ó béèrè oúnjẹ, wọ́n fún un ní ẹja sísun, ó jẹ ẹ́ lójú wọn. Ojú ìṣó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ara tí wọ́n pa ló dìde, kò sì dà bíi ti Lásárù tó jí, tó tún padà kú.

Ní ọdún 1893, ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta tó wá wàásù ìhìnrere gúnlẹ̀ sí Èkó: Walter Gowans, Thomas Kent àti Rowland Bingham. Kí 1894 tó parí, Gowans àti Kent ti kú. Síbẹ̀ iṣẹ́ náà kò dúró. Ní 1902 àwọn ajíhìnrere tó tẹ̀lé wọn dé Pàtígì, ní 1908 Tommy Titcombe dé Ẹ̀gbẹ̀, ibẹ̀ sì ni ìjọ ECWA tó kún ilẹ̀ Yàgbà lónìí ti gbilẹ̀. Mo mọ̀ pé ènìyàn lè kú fún ohun tí kì í ṣe òótọ́, nítorí náà mi ò fi ikú wọn ṣe ẹ̀rí. Àmọ́ ìwàásù mọ́tò àti fíísà tí ẹ ń sáré tẹ̀lé kiri yìí, ṣé ó lè gbé ẹnikẹ́ni padà lọ sí ilẹ̀ tí wọ́n sin ọ̀rẹ́ rẹ̀ sí? Pọ́ọ̀lù ní bó bá jẹ́ pé ti ayé yìí nìkan la ní ìrètí nínú Kristi, àwa ni ẹni àánú jù lọ.

Ọmọbìnrin kan nínú yín bi mí ní ìbéèrè tó le ju gbogbo ìyẹn lọ. Iná jó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú ìjàǹbá ọkọ̀ lójú ọ̀nà Kábà sí Ọ̀bàjànà. Ó ní, "Bàbá, ara wo ló kù tí yóò jíǹde?" Ẹkún ni mo kọ́kọ́ bá a sun, Jésù alára sunkún níbojì Lásárù. Àwọn ará Kọ́ríńtì ti béèrè irú rẹ̀ rí, irúgbìn ni Pọ́ọ̀lù sì fi dá wọn lóhùn. Ọmọ àgbẹ̀ ni yín. Bí ẹ bá wa iṣu, ẹ wá èèbù tí ẹ gbìn sínú ebè náà wò: ó ti jẹrà tán. Síbẹ̀ kò sẹ́ni tó máa sọ pé iṣu náà kì í ṣe ti èèbù yẹn. Ọlọ́run tó fi erùpẹ̀ mọ ènìyàn, eérú kò lè dí i lọ́wọ́.

Èyí ló mú kí inú mi má dùn sí gbèsè tí ẹ ń jẹ nítorí màlúù òkú àti àǹkò. Ẹ sin òkú yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ẹ sunkún bó bá ṣe dùn yín tó, ẹ fi owó tó kù rán ọmọ olóògbé níléèwé.

Ẹni tó bá ṣì ń ṣiyèméjì nínú yín, kó má sá. Ọjọ́ mẹ́jọ ni Tọ́másì fi ní òun kò gbà, àwọn yòókù kò lé e jáde. Ẹ máa bọ̀ wá bá mi lẹ́yìn ìsìn ìrọ̀lẹ́, mo máa ń wà nílé. Ẹ mú Bíbélì yín dání, ojú mi kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́.

Èmi ni,
Bàbá yín nínú Olúwa.