Níbo ni ìbọn ń sùn nígbà tí wọ́n bá ti ti ṣọ́ọ̀bù?

Sí Olóòtú,

Mo ń kọ ìwé yìí láti ìlú Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé, tí a ti ń ṣiṣẹ́, tí a sì ti ń tọ́ ọmọ. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe bóyá ó yẹ kí ènìyàn ní ìbọn nílé tàbí kò yẹ. Àríyànjiyàn yẹn ti pẹ́ ní Amẹ́ríkà, ojú ìwé ìròyìn kọ́ ni yóò sì ti parí. Ohun tí ó ń dùn mí kò tó ìyẹn, ó sì rọrùn láti tún ṣe. Ọ̀rọ̀ ìbọn tí ẹnikẹ́ni kò tíì rà ni, èyí tí ó ṣì wà nínú ṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n pa iná lé lórí lálẹ́, tí ohun tí ó wà láàárín òun àti olè kò sì ju gíláàsì lọ.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ń fọ́ ṣọ́ọ̀bù ìbọn kì í ṣe ògbólógbòó kólékólé. Ọ̀dọ́ ni wọ́n, àwọn mìíràn nínú wọn kò tilẹ̀ tíì pé ọmọ ọdún 18. Wọ́n á jí ọkọ̀, wọ́n á fi ẹ̀yìn rẹ̀ gbá iwájú ṣọ́ọ̀bù títí ilẹ̀kùn á fi ya, tàbí kí wọ́n fi òòlù ńlá fọ́ gíláàsì. Àwọn mìíràn a máa gba òrùlé wọlé, tàbí kí wọ́n dá ògiri lu láti inú ṣọ́ọ̀bù tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí wọ́n bá ti wọlé, ibi tí wọ́n to ìbọn ìléwọ́ sí ni wọ́n ń lọ tààrà. Wọ́n á fọ́ ọ, wọ́n á kó ìbọn sínú àpò, wọ́n á bẹ́ sínú ọkọ̀ mìíràn, ó di eré. Ó lè má ju ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta lọ. Ní gbogbo àkókò yẹn, aago ìdágìrì ń ké, kámẹ́rà ń ya àwòrán àwọn tí ó ti fi aṣọ bojú, ọlọ́pàá sì ti wà lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n aago kò di ẹnikẹ́ni mú, ọlọ́pàá tí ó bá sì dé lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àfọ́kù gíláàsì ni yóò bá. Ohun tí ó lè sọ ìrìn wọn di òfo ni pé kí wọ́n na ọwọ́ sínú àpótí gíláàsì yẹn kí wọ́n má bá ìbọn kankan níbẹ̀.

Ẹni tí kò bá mọ òfin ilẹ̀ yìí lè rò pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti wà nínú òfin. Ìjọba àpapọ̀ ni ó ń fún àwọn oníṣòwò ìbọn ní ìwé àṣẹ, láti ọwọ́ ATF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìbọn, lábẹ́ òfin ìbọn ti ọdún 1968. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ nọ́ńbà ara ìbọn kọ̀ọ̀kan sínú ìwé, ìgbà tí ó wọlé àti ìgbà tí ó jáde. Wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe ìwádìí ẹni tí ó fẹ́ rà á, nípa ètò ìjọba tí ó ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún 1998. Bí wọ́n bá jí ìbọn lọ́dọ̀ wọn, wọ́n gbọ́dọ̀ fi tó ATF àti ọlọ́pàá àdúgbò létí láàárín wákàtí 48 tí wọ́n bá ti mọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ibì kankan nínú òfin àpapọ̀ yìí tí ó ti pàṣẹ pé kí oníṣòwò ti ìbọn mọ́ inú àpótí irin bí ó bá di alẹ́, tàbí kí ó fi irin sí fèrèsé, tàbí kí ó tilẹ̀ ní aago ìdágìrì. ATF ní ìwé tí ó kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe dáàbò bo ọjà wọn, ìwé tí ó dára gan-an ni, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn ni. Ẹni tí ó bá wù ú ni ó ń gbà á.

Ohun tí ó jẹ́ kí èyí yà mí lẹ́nu ni pé àjọ ATF kan náà ni ó ń bójú tó àwọn tí ó ń ta dínámáìtì àti àwọn ohun abúgbàù mìíràn, òfin tí ó sì de àwọn yẹn kò fi nǹkan kan sílẹ̀ fún ìfẹ́ inú oníṣòwò. Láti ìgbà tí òfin ohun abúgbàù ti ọdún 1970 ti jáde, ìlànà ti wà lórí irú ilé tí wọ́n gbọ́dọ̀ kó o sí, bí ògiri rẹ̀ àti ilẹ̀kùn rẹ̀ yóò ti rí, àti irú kọ́kọ́rọ́ tí yóò wà lẹ́nu rẹ̀. Bí wọ́n bá fi àgádágodo tì í, irin ọrùn àgádágodo náà gbọ́dọ̀ nípọn tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́jọ ínǹṣì, wọ́n sì gbọ́dọ̀ fi irin bò ó kí ẹnikẹ́ni má bàa lè fi ohun ìgérin gé e. Ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀kan láàárín ọjọ́ méje ni olóhun gbọ́dọ̀ yẹ ibẹ̀ wò bóyá ẹnikẹ́ni ti gbìyànjú láti fọ́ ọ. N kò sọ pé ìbọn àti dínámáìtì jẹ́ ọ̀kan náà. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìjọba Amẹ́ríkà mọ bí a ṣe ń kọ òfin nípa kọ́kọ́rọ́, ó mọ̀ ọ́n dé orí bí irin rẹ̀ yóò ti nípọn tó, ó sì yàn láti má kọ ọ́ fún ìbọn.

Àwọn tí ó tako irú òfin bẹ́ẹ̀ ní àlàyé, n kò sì fojú tín-ín-rín rẹ̀. Wọ́n ní ìbọn tí wọ́n ń jí ní ṣọ́ọ̀bù kéré púpọ̀ sí èyí tí wọ́n ń jí nílé àti nínú ọkọ̀. Òótọ́ ni. Ìwádìí tí ATF fúnra rẹ̀ gbé jáde fi hàn pé láàárín ọdún 2017 sí 2021, ìbọn tí wọ́n jí ní Amẹ́ríkà lé ní 1,000,000, ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún wọn péré ni ó sì jẹ́ ti àwọn oníṣòwò. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wo ìdá 3 yẹn dáadáa. Ó lé ní 30,000 ìbọn. Kólékólé tí ó wọ ilé kan lè rí ìbọn kan tàbí méjì. Èyí tí ó wọ ṣọ́ọ̀bù lè kó 20, ó lè kó 30, tuntun ni gbogbo wọn, ìbọn ìléwọ́ sì ni ó pọ̀ jù nínú wọn nítorí pé òun ni ó fúyẹ́ láti gbé sá, tí ó sì yá láti tà ní òpópónà. Nígbà tí yóò bá fi di ọ̀sán ọjọ́ kejì, wọ́n ti lè tà lára wọn fún ọmọ tí ṣọ́ọ̀bù kan náà kò ní í gbà láyè láti fọwọ́ kan ìbọn bí ó bá gba ẹnu ọ̀nà wọlé ní ọ̀sán gangan. Ìwádìí tí òfin là sílẹ̀ kò sì bá a pàdé níbì kankan.

Ohun mìíràn wà tí wọ́n ń gbójú fò. Ilé tí ìbọn wà ní Amẹ́ríkà kò lóǹkà, ìjọba kò sì mọ èyí tí ó wà nínú wọn. Ṣọ́ọ̀bù ìbọn ní àdírẹ́sì, ó ní ìwé àṣẹ, orúkọ olówó rẹ̀ wà lọ́wọ́ ìjọba. Bí àtúnṣe yóò bá bẹ̀rẹ̀ níbì kan, ibi tí a mọ̀ yìí ni.

Àwọn kan tún máa ń sọ pé olè ni kí a bá wí, kí a fi oníṣòwò tí wọ́n jà lólè sílẹ̀. Àwọn àgbà wa náà wí pé kí a kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, kí a tó wá bá adìyẹ wí. Ìjọba ń lé akátá: ẹni tí ó bá jí ìbọn lọ́dọ̀ oníṣòwò tí ó ní ìwé àṣẹ lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún 10 jura lábẹ́ òfin àpapọ̀. Síbẹ̀ ní ọdún 2016 àti 2017, iye ìgbà tí wọ́n fọ́ ṣọ́ọ̀bù ìbọn lé ní 500 lọ́dún kọ̀ọ̀kan, ìbọn tí wọ́n sì kó lọ ní ọdún 2017 nìkan lé ní 7,000. Ní oṣù kẹrin ọdún yẹn, ní ìlú Janesville, ìpínlẹ̀ Wisconsin, ọkùnrin kan fọ́ ṣọ́ọ̀bù kan, ó kó ìbọn 18, ó sì fi ìwé olójú-ewé 161 ránṣẹ́ sí ààrẹ orílẹ̀-èdè. Ọjọ́ mẹ́wàá ni àwọn agbófinró fi wá a kí ọwọ́ wọn tó tẹ̀ ẹ́, kò sì sí ẹni tí ó mọ ohun tí ó fẹ́ fi ìbọn wọ̀nyẹn ṣe. Nígbà tí rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìlú lẹ́yìn ikú George Floyd ní ọdún 2020, tí àwọn jàǹdùkú sì fi ìwọ́de àwọn olóòótọ́ bojú, ìbọn tí wọ́n kó ní ṣọ́ọ̀bù láàárín àkókò kúkúrú lé ní 1,000. Ìbẹ̀rù ẹ̀wọ̀n kò dá àwọn wọ̀nyẹn dúró. Àpótí irin ìbá dá ọ̀pọ̀ nínú wọn dúró.

Ti owó ni ó kù, èmi náà sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ owó kì í ṣe ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ fún ẹni tí ó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré. Ìdí nìyí tí òfin ìpínlẹ̀ California fi wù mí. Òfin náà sọ pé nígbà tí ṣọ́ọ̀bù bá ti tì, ọ̀nà mẹ́ta ni oníṣòwò lè gbà pa ìbọn rẹ̀ mọ́: ó lè kó o sínú àpótí irin tí iná kò lè ràn, ó lè kó o sínú yàrá tàbí ilé tí wọ́n kọ́ lọ́nà tí olè kò fi lè tètè wọ̀ ọ́, tàbí kí ó ki ọ̀pá irin tàbí wáyà irin líle bọ ojú ibi tí ìka ń gbà fa ìbọn, kí ó sì fi àgádágodo tì í. Wáyà náà kò gbọdọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ju ìdá kan nínú mẹ́jọ ínǹṣì lọ. Ẹni tí kò bá lágbára àpótí irin lágbára wáyà àti àgádágodo. Illinois ṣe tirẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019, nígbà tí gómìnà J.B. Pritzker buwọ́ lu òfin tí ó mú kí àwọn oníṣòwò gba ìwé ẹ̀rí ìpínlẹ̀, kí wọ́n ní aago ìdágìrì àti kámẹ́rà, kí wọ́n sì ní ètò gidi fún pípa ìbọn mọ́. Ní Maryland, tí àwọn ènìyàn wa pọ̀ sí gan-an, gómìnà Larry Hogan kọ̀ láti buwọ́ lu irú òfin bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2022, àwọn aṣòfin sì fi ìbò borí rẹ̀. Ní Texas wa níbí, ìpínlẹ̀ kì í fún oníṣòwò ìbọn ní ìwé àṣẹ kankan, kò sì sí òfin ìpínlẹ̀ tí ó sọ bí wọn yóò ṣe pa ọjà wọn mọ́ lóru.

Kò sì yẹ kí a fi gbogbo oníṣòwò ṣe ọ̀kan náà. Àwọn kan wà tí ó ń kó ìbọn ìléwọ́ wọn kúrò lójú gíláàsì ní alaalẹ́, tí wọ́n ń fi iná sílẹ̀ kí ẹni tí ó bá yọjú láti ìta lè rí i pé òfìfo ni, tí wọ́n sì ti ri òpó irin mọ́lẹ̀ níwájú ilé kí ọkọ̀ má bàa lè gbá ilẹ̀kùn. Láti ọdún 2018 ni ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò ìbọn, NSSF, ti ń bá ATF ṣiṣẹ́ láti kọ́ àwọn yòókù ní ìwọ̀nyí. Ó dára, mo sì yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń ṣe ohun tí ó tọ́ fi owó àti àkókò rẹ̀ ṣe é, ẹni tí kò ṣe é jókòó sí òdìkejì títì, ó ń ta ìbọn kan náà, kò sì sí òfin tí ó lè bi í. Bí wọ́n bá fi ìbọn tí wọ́n jí lọ́dọ̀ rẹ̀ pa ọmọ ọlọ́mọ, òfin ọdún 2005 tí ó dáàbò bo àwọn oníṣòwò ìbọn lọ́wọ́ ẹjọ́ yóò jẹ́ kí ó ṣòro púpọ̀ fún ẹbí olóògbé láti pè é lẹ́jọ́.

Nínú gbogbo rẹ̀, èyí tí mo rò pé ó burú jù ni ti kíka ọjà. Ilé aṣòfin àpapọ̀ ti fi gbólóhùn kan sínú òfin ìnáwó ATF, tí kò jẹ́ kí àjọ náà lè pàṣẹ fún oníṣòwò pé kí ó ka ìbọn tí ó wà nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí ó sì fi wé ìwé rẹ̀. Ẹni tí ó ń ta bàtà ń ka bàtà rẹ̀.

Olóòtú, mo kọ èyí sí ìwé ìròyìn yín nítorí pé àwọn tí ó ń kà á ní Houston, ní Dallas, ní Atlanta àti ní Chicago ni òbí àwọn ọmọ tí ó ń rìn ní òpópónà tí àwọn ìbọn wọ̀nyí ń dé. Púpọ̀ nínú wa ti di ọmọ ilẹ̀ yìí, a sì ń dìbò. Àwọn mìíràn nínú wa ní ìbọn nílé, wọ́n sì mọ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti rà á. Kí àwọn yẹn bi olówó ṣọ́ọ̀bù pé níbo ni ó ń kó ìbọn sí bí ilẹ̀ bá ṣú. Bí ó bá ní inú gíláàsì náà ni, kí wọ́n ná owó wọn níbòmíràn. Ilé aṣòfin Texas kì í jókòó lọ́dọọdún. Ẹ̀ẹ̀kan ní ọdún méjì ni, láti oṣù kìn-ín-ní, fún ọjọ́ 140, nítorí náà ẹni tí ó bá fẹ́ kọ̀wé sí aṣòfin àdúgbò rẹ̀ kò gbọdọ̀ dúró di ìgbà tí ìjókòó bá ti fẹ́ parí. Kí ó bèèrè fún irú òfin ti California, pẹ̀lú ọ̀nà mẹ́ta rẹ̀, kí àwọn oníṣòwò kékeré má bàa sọ pé a fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù àwọn pa. Bí wọ́n bá pe àwọn ará ìlú sí Austin láti wá sọ tẹnu wọn lórí irú àbá bẹ́ẹ̀, èmi yóò lọ, inú mi yóò sì dùn bí mo bá bá àwọn ọmọ Yorùbá mìíràn níbẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkàwé yín ní Houston, ìpínlẹ̀ Texas