Àkànní, má fi máàkà kan káàdì yẹn

Àkànní ọmọ mi,

Mo rí fótò tó o fi ránṣẹ́ lálẹ́ àná, mo sì gbọ́ fóìsì nóòtì ẹ, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbọ́ ọ. O ní etí káàdì Tony McKegney, agbá-họ́kì orí yìnyín ayé àtijọ́ yẹn, tí mo fún ẹ ti ń bó, funfun ti ń yọ níbi tó yẹ kó jẹ́ búlúù, ọ̀rẹ́ ẹ wá ní kó o fi máàkà tọ́ ọ fẹ́ẹ́rẹ́ kó o tó tà á, pé kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Jọ̀ọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́, má dán an wò.

Bí káàdì họ́kì tí ilé iṣẹ́ O-Pee-Chee ṣe ní 1979-80 ṣe máa ń ṣe náà nìyẹn. Búlúù ni wọ́n fi yí etí gbogbo wọn ká, páálí funfun ló wà lábẹ́ ẹ̀, tó bá ti fara gbún nǹkan pẹ́nrẹ́n báyìí funfun á yọ, ìdí nìyẹn tí èyí tó ṣì mọ́ tónítóní fi wọ́n bí ojú. Àwọn tó ń fún káàdì ní gréèdì, tí wọ́n ń sọ bó ṣe dáa sí, máa ń fi awò wò ó, wọ́n á rí máàkà yẹn, wọ́n á sì ní ayédèrú ọwọ́ ti kàn án. Mo mọ̀ pé ti Wayne Gretzky, ìlúmọ̀ọ́ká agbá-họ́kì yẹn, ló ń dà ẹ́ láàmú, torí inú sẹ́ẹ̀tì kan náà ni tiẹ̀ ti jáde, wọ́n sì ta ọ̀kan ní mílíọ̀nù 3.75 dọ́là ní 2021. Ti McKegney ò lè dé ibẹ̀, kó o kùn ún tàbí kó o má kùn ún.

Ṣé o mọ ìdí tí mo fi rà á? Ọdún tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Hamilton ni, òtútù ń pa wá, mo wọ ọjà tòkunbọ̀ kan, mo ń ṣí káàdì họ́kì lọ ọ̀kan tẹ̀lé òmíì, ojú funfun ni gbogbo ẹ̀, àfi lójijì ni mo bá ojú ọmọ dúdú pàdé. McKegney nìyẹn, Sarnia, Ontario níbí ló dàgbà sí. Ní 1978, ẹgbẹ́ họ́kì Birmingham Bulls ní Alabama ti bá a tọwọ́ bọ̀wé, làwọn tó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì bá yarí pé àwọn ò ní rà mọ́ tí aláwọ̀ dúdú bá máa gbá, ni olówó ẹgbẹ́ bá yẹ àdéhùn. Ẹgbẹ́ Buffalo, ní NHL, líìgì họ́kì tó ga jù, ló wá mú un lọ́dún yẹn, òun ni ẹni kejìlélọ́gbọ̀n tí wọ́n mú nígbà táwọn ẹgbẹ́ ń ṣa ọ̀dọ́ agbá-họ́kì. Ẹgbẹ́ 7 ló gbá fún, wọ́n ń gbé e kiri bí ẹrù, síbẹ̀ ó gbá 912 eré, ó sì jẹ góòlù 320, nígbà tó sì dé St. Louis, ní 1987-88, ó jẹ 40 ní sísìn kan, òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó ṣe é ní NHL.

Kò sí ẹyọ kan nínú góòlù yẹn tí wọ́n bá a fi kún un o, Àkànní. Òun ló jẹ gbogbo ẹ̀. Ìwọ wá fẹ́ fi máàkà purọ́ sí i létí?

Tó bá jẹ́ owó ilé ló ń lé ẹ, pè mí, kí n mọ iye tó kù. Tó o bá ṣì fẹ́ tà á, tà á bó ṣe rí, ya fótò igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kó o kọ ọ́ síbẹ̀ pé etí ẹ̀ ti bó. Tó ò bá tà á, mú un bọ̀ ní Kérésì, èmi ni màá rà á lọ́wọ́ ẹ.

Màmá ẹ ní kó o má gbàgbé kúlà òun.

Dádì ẹ